Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Wà Lọ́wọ́ Ìyá

"Ṣé o mọ̀wẹ̀?"

Ìbéèrè tí ọ̀gá kọ́kọ́ bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, lọ́jọ́ tí a mú un lọ sí ẹ̀bútẹ̀ Ìpakòdò ní Ìkòròdú pé kó wá kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi. Kò béèrè èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá rẹ̀. Kò béèrè bóyá ó ti di sípánà mú rí. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀, sà." Ọ̀gá kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Màmá, díẹ̀díẹ̀ ò tó o. Níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ tiwa, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni."

Oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ìlú sílẹ̀ lẹ́yìn ìséńmọ́lé àrùn kòrónà, gbogbo ilé ló sì ń wá ohun tí ọmọ wọn yóò máa ṣe. Ẹja yíyan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tà létí omi. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo àwọn ọmọkùnrin tó ń tú ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, tó ń rí bí àwọn olówó ọkọ̀ ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé bí mẹkáníìkì kò bá yọjú, ọkọ̀ olówó gọbọi di pákó lásán lójú omi. Ó ní iṣẹ́ tí àwọn olówó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ni òun fẹ́ kí ọmọ òun kọ́.

Orí fúlísíkáàpù ni wọ́n kọ àdéhùn náà sí. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ yóò lò. Òbí yóò san ìdajì owó ìkọ́ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, yóò san ìdajì yòókù lọ́dún kejì. Wọ́n ní kí onídùúró kan fọwọ́ sí i, èmi ni mo dúró. Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ pé kí ọmọ tó gba fírídọ̀mù, òbí rẹ̀ yóò ti ní owó irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Mo ka gbólóhùn náà, mo buwọ́ lù ú. Èmi tí mo ń kọ nípa owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò rí i pé ibẹ̀ gan-an ni ìwé náà ti jò.

Ẹni tí kò bá ń gun ọkọ̀ ojú omi lè máà mọ bí iṣẹ́ yìí ti wúwo tó nínú ọrọ̀ ajé Èkó. Nínú gbogbo ìgbòòrò ìpínlẹ̀ náà, nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 ló jẹ́ omi. Láàárọ̀, èrò Ìkòròdú tó ń lọ sí Ẹ̀bútẹ̀ Èrò, sí Marina tàbí sí Falomo á ti gba orí ọ̀sà kọjá, nígbà tí ẹni tó gba ilẹ̀ ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland. Apẹja Ìlàjẹ àti Ègùn, àwọn tó ń kó yanrìn tí a fi ń kọ́lé, alájàpá tó ń kó ẹja wọlé láti Ẹ̀pẹ́, orí ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jẹun. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ òkun wà ní Oron láti ọdún 1979, ṣùgbọ́n àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ńlá lójú agbami ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí yóò jí ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 tó dákú láàárín ọ̀sà ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí èrò ti ń pe Jésù, tí wọ́n ń pe Ọlọ́hun, ẹ̀bútẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ ẹni tí òun náà kọ́ ọ ní ẹ̀bútẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni iṣẹ́ yìí ti wá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ tirẹ̀ ní ìlú Milwaukee lọ́dún 1909, inú ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ló ti gbọ́n. Ọdún 1960 ni Yamaha ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti wọn jáde ní Japan. Lónìí, orúkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀bútẹ̀ ń pe gbogbo ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀, ì báà jẹ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é.

Nígbà tí ọmọ náà lò tó bí ọdún kan, mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Mo bá òun àti ọ̀gá rẹ̀ nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n so mọ́ òpó, wọ́n ti gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè kúrò nínú omi. Awakọ̀ ní kò tọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni. Omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ tutù. Róbà kan wà nísàlẹ̀ tó ní ọwọ́ yíká bí ìràwọ̀. Bó bá ti ń yí, á máa fa omi gòkè lọ sára ẹ́ńjìnnì, díẹ̀ nínú omi náà á sì máa tú jáde lẹ́yìn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní títọ̀. Bí okùn omi náà bá dáwọ́ dúró, kí awakọ̀ yáa pa ẹ́ńjìnnì, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kó jóná. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé, róbà náà sì ti yí lásán títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi gé. Ẹni tó mu omi tó sọ ọ̀rá nù sínú gọ́tà ní Kétu kò ní mọ̀ láéláé pé òun ti jẹ ẹnì kan lówó.

Wọ́n tú bóòtù, wọ́n sọ apá ìsàlẹ̀ kalẹ̀, wọ́n yọ ilé róbà. Irin pẹlẹbẹ kan wà lára ọ̀pá tó gba àárín róbà náà kọjá, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Òun ló di róbà mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fi jọ ń yí. Ọ̀gá yọ ọ́, ó gbé e lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ èrò kan sáré kọjá, ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè, ó sọ̀ wá kalẹ̀, irin náà sì bọ́ sómi. Kò tilẹ̀ dún.

Ọmọ náà bọ́ ẹ̀wù, ó bẹ́ sínú omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọlẹ̀, ẹrẹ̀ nìkan ló bù bọ̀. Nígbà tó gòkè, mo rò pé ìgbátí ló kàn. Ọ̀gá kò nà án. Ó ṣí agolo mílíìkì kan tó kún fún irin wẹ́wẹ́ tó ti ń yọ lára àwọn ẹ́ńjìnnì tó kú, ó wá irú rẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ó rí i. Ó wá bi ọmọ náà pé, "Èló ni wọ́n ń ta irin yìí?" Ọmọ ní òun ò mọ̀, sà. Ó ní, "Èmi náà ò ní kí o mọ̀ ọ́n. Ìrìn mélòó ni ọkọ̀ yìí ì bá ti rìn láti ìgbà tí o ti wà nínú omi?" Ọmọ náà ka ìka rẹ̀. "Méjì, sà." "Ó dáa. Èló ni ìrìn méjì, tí èrò bá kún? Iye irin náà nìyẹn."

Mo ti ka ìwé rẹpẹtẹ nípa ọrọ̀ ajé, mi ò tíì rí èyí tó ya iye tí wọ́n ń ta nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára iye tí àìsí rẹ̀ ń náni yé mi tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo tún rí i pé okùn wà nídìí gbogbo sípánà wọn. Mẹkáníìkì mọ́tò tí sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, á he é, á nù ún sí ṣòkòtò. Ti ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá so mọ́ ọrùn ọwọ́ ti di ti ọ̀sà. Iyọ̀ sì tún wà níbẹ̀. Lákòókò òjò, omi odò pọ̀ nínú ọ̀sà, omi náà dùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á rọ́ wọlé, iyọ̀ á máa jẹ irin. Irinṣẹ́ tí kò bá rí ọ́ìlì lẹ́yìn iṣẹ́, ìpẹtà ni yóò jogún rẹ̀. Nítorí náà, irinṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn rà lẹ́ẹ̀kan tó gbàgbé. Ó dà bí ẹran ọ̀sìn, títọ́jú ló ń gbà.

Ohun mìíràn wà tí ọmọ náà kọ́ tí kò sí nínú ìwé àdéhùn. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó pọ̀ jù lójú omi wa, inú bẹntiróòlù rẹ̀ ni wọ́n ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́: àbọ̀ lítà ọ́ìlì fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lítà bẹntiróòlù kan kò pé ₦130. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kí ó sì tó di pé ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, lítà kan ti kọjá ₦600. Owó ọkọ̀ kò lè gòkè tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn èrò náà kò rówó. Kí wá ni awakọ̀ máa dín kù? Ọ́ìlì ni. Á da ìlàjì èyí tó yẹ, á ní Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì á ṣì máa rìn, títí di ọjọ́ tí yóò gan. Ọ̀gá yìí lè gbé písítìnì sí ojú oòrùn, kó wo ibi tó ti ha, kó sì sọ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í le fún olówó ọkọ̀. Mo ti rí i tó ṣe é, olówó ọkọ̀ náà sì dákẹ́.

Mo fẹ́ padà sórí ẹ̀gbọ́n mi, torí orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Láti ọjọ́ tí a ti buwọ́ lùwé ló ti ń dá àjọ nítorí owó irinṣẹ́. ₦200 lójúmọ́. Bí oṣù bá pé, ₦6,000 ni. Alájọ á mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, á kó ₦5,800 fún un, òun á sì gbé e lọ sí báńkì. Kò jẹ ọjọ́ kan. Nígbà tí ẹja wọ́n, ó dá a. Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, ó rán ọmọ pẹ̀lú ₦200 náà. Ọdún mẹ́rin jẹ́ oṣù 48. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ₦278,400 wà nílẹ̀ ṣangílítí, láìka èlé kékeré tí báńkì fi sí i.

Ó mú ìwé tí ọ̀gá kọ fún un, ó lọ sí Owódé Onírin. Sípánà oríṣiríṣi, sọ́kẹ́ẹ̀tì, púlà tí wọ́n fi ń yọ àgbá orí ẹ́ńjìnnì, sípánà púlọ́ọ̀gì, mítà iná, gééjì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá sìlíńdà ṣì lágbára. Ó pè mí láti inú ọjà. Ohùn rẹ̀ kò dún bí ohùn rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, wọ́n ní owó mi ò ra ìdajì ìwé yìí o. Ta ló jí owó mi?"

Kò sí ẹni tó jí i. Alájọ ṣe olóòótọ́, báńkì kò yọ kọ́bọ̀ tí kò yẹ kó yọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Nígbà tí ó dá ₦200 àkọ́kọ́, dọ́là kan kò tíì pé ₦400 ní báńkì. Lọ́jọ́ tó lọ sí Owódé, ó ti lé ní ₦1,400. Bí ẹ bá fi dọ́là wọn ₦278,400, lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye náà ju dọ́là 690 lọ. Lọ́jọ́ tó parí, kò pé dọ́là 200. Ó ń gbé owó sí báńkì lóṣooṣù, owó náà sì ń kéré sí i níbi tó gbé e sí. Àjọ tó ń ka iye nǹkan fún ìjọba kéde pé, nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú 100 gbówó lórí láàárín ọdún kan. Nínú ìwé ìròyìn, nọ́mbà ni. Ní Owódé, obìnrin kan ló dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí kò mọ èyí tí yóò pa rẹ́ nínú rẹ̀.

Fírídọ̀mù náà sì ń bọ̀. Wọ́n ti yan aṣọ ẹbí. Àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ń retí ìrẹsì, ẹran àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mi ò kórìíra ayẹyẹ. Ọmọ tó sin ọ̀gá rẹ̀ tọkàntọkàn fún ọdún mẹ́rin yẹ lẹ́ni tí a ń gbàdúrà fún ní gbangba. Ṣùgbọ́n mo rí i tí wọ́n yọ púlà kúrò nínú ìwé kí kúlà ìrẹsì lè kún, inú mi bàjẹ́, ó sì ṣì ń bàjẹ́ bí mo ti ń kọ èyí. Ọmọ náà kúnlẹ̀, wọ́n gbé sípánà lé e lọ́wọ́, wọ́n yàwòrán. Lọ́jọ́ Ajé, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Irinṣẹ́ ọ̀gá ló ṣì ń lò, ìdajì owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń lọ fún irinṣẹ́ náà. Ọ̀gá kò rẹ́ ẹ jẹ. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn, irinṣẹ́ tirẹ̀ náà ń gbó. Ó lé lọ́dún kan kí ọmọ tó lè dá dúró, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì dá dúró rárá. Wọ́n gun ọ̀kadà lọ. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá ní àwọn ọ̀dọ́ kì í ní sùúrù kọ́ṣẹ́, àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń rántí, àwọn tó ti kọ́ ọ tán.

Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọ̀gá yòókù létí omi náà léèrè. Ọ̀kan nínú wọn mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Àpótí pákó mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, àgádágodo wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ó ní òun kì í gbọ́ "owó irinṣẹ́" lẹ́nu òbí. Láti oṣù kẹta tí ọmọ bá ti dé, kí òbí máa mú irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá, bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Sípánà kan lónìí, páláyà kan lóṣù méjì sí i. Òun ni yóò sọ èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí wọ́n má baà ra ayédèrú.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kò ha bẹ̀rù pé ọmọ á kó irinṣẹ́ rẹ̀ sá lọ lọ́dún kejì?" Ẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń bà nìyẹn, kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ọmọ tó gbọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ tó sì ní irinṣẹ́ lè lọ pera rẹ̀ lọ́gàá ní ẹ̀bútẹ̀ kejì, kó máa ba ẹ́ńjìnnì onílé-olóko jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ mi ni àpótí ń gbé. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyá. Èmi ò lè fi ṣiṣẹ́ mi, ọmọ ò lè gbé e sá. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á mú kọ́kọ́rọ́ wá, ọmọ á ṣí i, á fi ọ́ìlì pa gbogbo rẹ̀ lára, á tì í padà." Ó ní ìyá tó bá ti rí irinṣẹ́ márùn-ún nínú àpótí kì í jẹ́ kí ọmọ òun pa iṣẹ́ jẹ.

Mo ti yẹ ètò yìí wò síwá sẹ́yìn. Àléébù rẹ̀ wà: bí ọmọ bá ṣàìsàn, ọsibítù kì í gba sípánà. Ó yẹ kí owó díẹ̀ wà lápò. Iná lè jó ṣọ́ọ̀bù, olè lè gbé àpótí. Síbẹ̀, sípánà tí wọ́n rà lọ́dún 2020, sípánà náà ló jẹ́ lọ́dún 2024, bí wọ́n bá sì fẹ́ tà á, iye tí ọjà ń pè é lọ́jọ́ náà ni wọn yóò tà á. ₦5,800 oṣù àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ju dọ́là 14 lọ. Ká ní ó ti di irin lọ́jọ́ náà, náírà ì bá jábọ́ títí, kò ní kan irin náà.

Àwọn báńkì kéékèèké tó ń yá àwọn ọlọ́jà lówó lè gbọ́ èyí bí wọ́n bá fẹ́. Owó tí wọ́n ń yáni, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti ń gbà á padà díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn bá alátà mu, kò bá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù mu, tí oníbàárà rẹ̀ lè san owó lónìí kó tún di oṣù tó ń bọ̀. Kí wọ́n yá a ní irinṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ létí omi ra púlà mẹ́wàá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n pín in san. Ìjọba Èkó ti gbé ètò Omi Èkó kalẹ̀, tí àwọn ará Yúróòpù fi owó sí, pé ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná yóò máa kó èrò lójú ọ̀sà. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ta ni yóò tún wọn ṣe? Mítà iná wà nínú ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi mú lọ sí Owódé, ó wà lára ohun tí kò rà.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tún pè mí pé kí n wá ṣe onídùúró. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló kàn, ọmọbìnrin, ó ní iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun ni òun fẹ́ ṣe. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá alápòótí ni a lọ. Wọ́n mú fúlísíkáàpù jáde. Nígbà tí akọ̀wé dé ibi owó irinṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, ó ní kí ó pa á rẹ́. Ó pè é fún un kó kọ ọ́: ọdún kìíní, sípánà 10, 12, 14 àti 17, páláyà, sípánà púlọ́ọ̀gì. Ọdún kejì, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti mítà. Ọdún kẹta, púlà àti gééjì. Ó ti ra àgádágodo, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró. Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó buwọ́ lù ú.

Ọ̀gá ká ìwé náà, ó fi sápò. Ó wo ọmọbìnrin náà.

"Ṣé o mọ̀wẹ̀?"

Kò dáhùn. Ó wo omi, ó wo ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń tú okùn bàtà rẹ̀.